Ìtàn Mímú Ẹ́ńjìnnì Tutù Lẹ́yìn Eré Líle: Láti Ọ̀dọ̀ Benz Títí dé Ojú Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí wọ́n ti kọ nípa ìtàn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ni ó máa ń jẹ àwọn òǹkọ̀wé lógún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń sọ nípa bí ó ṣe ń dúró. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ti ẹ́ńjìnnì, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìdúró a máa léwu nígbà mìíràn ju wákàtí tí wọ́n fi sáré lọ. Dírẹ́bà tí ó sáré láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ó dé, lè rò pé òun ti fún un ní ìsinmi. Ohun tí ó ṣe gan-an ni pé ó ti dá omi dúró, ó ti dá ọ́ìlì dúró, ó sì ti dá atẹ́gùn dúró, ṣùgbọ́n kò dá ooru dúró. Irin tí ó ti gbóná kò mọ̀ pé wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń kọ ìtàn ẹ̀rọ ni pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ẹ̀rọ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tí kì í sì í dá a padà. Ìtàn mímú ẹ́ńjìnnì tutù kò bá èrò yìí mu. Nínú ọ̀pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́, omi a máa tọ́jú ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Nígbà tí páǹpù dé, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ dírẹ́bà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi lé e lọ́wọ́ ní gbangba. Tọ́bò ni ó wá sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Lẹ́yìn èyí ni iná mànàmáná gbà á padà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn, nítorí pé gbogbo ìpele wọ̀nyí wà pọ̀ ní ojú títì kan náà ní àkókò kan náà. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn iṣẹ́ yìí wà. Wọ́n sábà máa ń sọ pé àìmọ̀kan ni ó ń mú kí dírẹ́bà jẹ́ kí ọkọ̀ ‘mí’ kí ó tó pa á, kí ó máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi kiri, kí ó sì gbà kí mẹkáníìkì yọ tẹmọsítáàtì rẹ̀ dànù. Àbá tí a ń gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ìmọ̀ ni púpọ̀ nínú ìwà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí wọ́n kọ́ lára ọkọ̀ kan, tí wọ́n sì gbé lọ bá òmíràn ni.

Ooru àṣẹ́kù

Kí ìtàn náà tó lè yéni, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ibi tí ooru ń gbà. Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú pẹtiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí kí ó dín, ni ó ń di eré lójú títì. Ìyókù ń bá èéfín jáde, tàbí kí ó wọ inú irin. Iná inú sìlíńdà a máa gbóná ju 2,000°C lọ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú akàn, bẹ́ẹ̀ ni alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe písítìnì ń yọ́ ní 660°C péré. Ohun tí kò jẹ́ kí ó yọ́ ni pé omi, ọ́ìlì àti atẹ́gùn kò dúró lójú kan. Wọ́n ń gba ooru lọ́wọ́ irin, wọ́n sì ń gbé e lọ dà nù kí òmíràn tó dé.

Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì lẹ́yìn tí ó ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè pẹ̀lú ẹrù, iná inú sìlíńdà kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin tí ó yí fáàfù èéfín ká ṣì gbóná ju omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Omi náà kò rìn mọ́. Ooru tí ó wà nínú irin á wá máa wọ inú omi tí ó dúró sójú kan, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò irin tí wọ́n gbé kúrò lórí iná ti ṣì máa ń hó fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ tí ń fi ìgbóná hàn fi máa ń ga sí i nígbà tí dírẹ́bà bá padà wá sáná sí ọkọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ooru yìí ni iṣẹ́ yìí yóò máa pè ní ooru àṣẹ́kù.

Oríṣiríṣi ni ohun tí ooru àṣẹ́kù ń bàjẹ́. Ó lè sọ omi di ooru-omi nínú kọ̀rọ̀ kan, kí apá ibẹ̀ sì gbóná ju ibi yòókù lọ. Bí tọ́ọ̀pù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, tí bulọ́ọ̀kù sì jẹ́ irin, bí ọ̀kan ṣe ń fẹ̀ kò bá ti èkejì dọ́gba, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín wọn ni ó sì ń jìyà rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ń lo káàbúrétọ̀, pẹtiróòlù inú rẹ̀ lè hó, kí ọkọ̀ má sì gbà láti ṣiṣẹ́ mọ́ títí yóò fi tutù. Èrò tí ó ti jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ibùdókọ̀, tí dírẹ́bà ń tàn án títí tí bátìrì fi kú, mọ èyí dáadáa, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Omi tí ń yí ara rẹ̀ po

Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní Jámánì ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1886. Ọkọ̀ yìí kò ní rédíétọ̀. Omi yí sìlíńdà rẹ̀ ká, ó ń hó, ooru-omi sì ń jáde lọ sínú afẹ́fẹ́. Ìhó náà gan-an ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ohun tí dírẹ́bà òde òní kà sí ìparun ni Benz fi ṣe ètò. Ìnira ibẹ̀ ni pé omi a máa tán. Nígbà tí Bertha Benz, ìyàwó rẹ̀, gbé ọkọ̀ náà láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ìrìn-àjò tí ó lé ní 100 kìlómítà, pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, léraléra ni wọ́n ń dúró láti wá omi bù sí i. Ìtàn yìí lókìkí nítorí ilé egbòogi tí ó ti ra epo ní Wiesloch, ṣùgbọ́n fún kókó tí ó wà nílẹ̀ yìí, omi ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rìn nínú ìtàn jẹ́ ìrìn-àjò ẹni tí ń wá omi kiri. Àwọn tí ó ń fi kẹ́ẹ̀gì omi tí ó wà nínú bọlẹ̀kájà ṣe yẹ̀yẹ́ kò ronú débẹ̀.

Wilhelm Maybach ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nínú ọkọ̀ Mercedes alágbára ẹṣin 35 tí ilé iṣẹ́ Daimler ṣe fún Emil Jellinek, tí ó sì gba ipò iwájú nínú eré ìdíje tí wọ́n ṣe ní Nice ní oṣù kẹta ọdún 1901, ó fi rédíétọ̀ tí ó rí bí afárá oyin sí iwájú ọkọ̀. Àwọn ihò kéékèèké tí ó wà lára rẹ̀ ju 8,000 lọ, atẹ́gùn sì ń gba inú wọn kọjá. Omi kò ní láti hó dànù mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó, yíyí ni yóò sì máa yí. Láti ìgbà náà ni ojú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti di ojú rédíétọ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó gba páǹpù. Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T ní ọdún 1908. Nǹkan bí 2,500 àkọ́kọ́ nínú wọn ní páǹpù omi, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ford fi yọ ọ́ kúrò, kò sì dá a padà títí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ náà dúró ní ọdún 1927, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ. Ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni pé omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ. Ó ń gòkè láti inú ẹ́ńjìnnì bọ́ sí orí rédíétọ̀, ó ń tutù níbẹ̀, ó ń wúwo, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń gba ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, kò sí béárìn, kò sí ohun tí yóò máa jò.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà tẹnu mọ́ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa Model T. Ìyípo omi kò dúró. Níwọ̀n ìgbà tí irin bá ṣì gbóná ju rédíétọ̀ lọ, omi yóò máa gòkè, yóò sì máa sọ̀, títí méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ooru ni ó ń ti omi kiri, nítorí náà ooru àṣẹ́kù ni ó ń kó ara rẹ̀ dànù. Àléébù ètò yìí wà níbi eré líle: omi kì í yára rìn tó bí agbára ẹ́ńjìnnì bá pọ̀, ọ̀pọ̀ Model T ni ó sì hó lórí òkè. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tóbi sí i lẹ́yìn ọdún 1920, kò sí bí páǹpù kò ṣe ní padà dé.

Páǹpù, ìdérí àti tẹmọsítáàtì

Páǹpù tí bẹ́líìtì ń yí lágbára ju ìyípo àtijọ́ lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí bẹ́líìtì, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá kú, páǹpù kú, fáànù náà sì kú. Ní àkókò tí ooru kò tí ì kúrò nílẹ̀ rárá, gbogbo àwọn tí ń gbé e dànù ti lọ sílé. Ìyípo láìsí páǹpù ṣì lè ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan, nítorí kì í ṣe fún un ni wọ́n la ọ̀nà omi rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó kù tí ó lè mú kí omi máa rìn ni dírẹ́bà, nípa pé kí ó má tètè pa ẹ́ńjìnnì. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn.

Ohun méjì mìíràn ni wọ́n fi kún un. Àkọ́kọ́ ni ìdérí rédíétọ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, tí ó sì ń jẹ́ kí omi gbóná kọjá 100°C láìhó. Bí agbára tí ìdérí náà dì mọ́ inú bá tó nǹkan bí páùn 15 lórí ìńṣì kan níbùú lóròó, omi kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bí 121°C. Èyí wúlò púpọ̀, pàápàá ní ibi gíga bí Jos, níbi tí omi inú ìkòkò lásán ti ń hó ní nǹkan bí 96°C. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìdérí náà nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ti yọ ohun tí kò jẹ́ kí omi hó, gbogbo rẹ̀ á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà sí ọwọ́ àti ojú rẹ̀. Ìpalára yìí kò sí nínú ọkọ̀ Benz, níbi tí omi ti ń hó ní gbangba. Ooru àṣẹ́kù ni ó ń jẹ́ kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdúró jẹ́ àkókò tí ó burú jù láti ṣí i.

Èkejì ni tẹmọsítáàtì, fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí omi dé rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru tó, ní nǹkan bí 80°C sí 90°C nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Volkswagen aláìlómi, tí àwọn ará Nàìjíríà fi wé ìjàpá nítorí ìrísí rẹ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ a máa sọ pé kò lè hó láéláé, òótọ́ sì ni, nítorí kò ní ohun tí yóò hó. Ṣùgbọ́n fáànù tí bẹ́líìtì ń yí ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọ́ìlì rẹ̀ sì ní rédíétọ̀ kékeré tirẹ̀. Bí wọ́n bá pa á lójijì, atẹ́gùn àti ọ́ìlì dúró bákan náà. Peugeot tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975 kan náà tún gba ọ̀nà mìíràn. Fáànù 504, gẹ́gẹ́ bí ti 404 tí ó ṣáájú rẹ̀, ní mágínẹ́ẹ̀tì tí ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó bá gbóná, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ó bá tutù. Ó mọ́gbọ́n dání púpọ̀, ṣùgbọ́n fáànù ọlọ́gbọ́n náà kò lè yí bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí.

Ojú títì ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn bọlẹ̀kájà tí wọ́n fi pákó kàn lé orí férémù Bedford àti Austin ni ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn dírẹ́bà ilẹ̀ Yorùbá ti kọ́ ọ̀rọ̀ ooru. Ẹrù wọn sábà máa ń ju ohun tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún lọ. Gíà kékeré ni wọ́n fi ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì á máa sáré, ọkọ̀ á máa fà, atẹ́gùn tí ń wọ rédíétọ̀ kò sì ní pọ̀. Ẹni tí ó bá dé orí òkè tí ó sì pa á, yóò rí i kí ó máa hó lẹ́yìn tí ó ti kú. Kò sí ìwé tí ó kọ́ wọn. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ wọn. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó gbé òpó igi wá fi ṣe ìdènà taya ni yóò tún gbé omi wá, ọ̀gá rẹ̀ á sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má kánjú.

Èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́ yẹ fún àkíyèsí. ‘Jẹ́ kí ó mí’, ‘jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀’, ‘ara rẹ̀ kò tí ì balẹ̀’. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ó sáré dé ni. A kì í ní kí ẹni tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ sùn lójú ẹsẹ̀, a kì í sì í da omi tútù lé e lórí. Ó ṣe é ṣe kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí irú àfiwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́ni tí ó ń fúnni tọ̀nà ju ti ẹni tí ó mọ̀ pé irin ni ẹ́ńjìnnì, tí ó sì rò pé irin kì í rẹ̀. Omi tútù tí wọ́n bá dà lójijì sínú ẹ́ńjìnnì tí ó gbẹ, tí ó sì gbóná, a máa sán bulọ́ọ̀kù tàbí tọ́ọ̀pù. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n dúró kí ó tutù; bí omi kò bá tí ì tán nínú rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílò, kí wọ́n sì máa bu omi náà sí i díẹ̀díẹ̀.

Ní ti tẹmọsítáàtì, ẹjọ́ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì máa ń sọ ni pé nǹkan ilẹ̀ òtútù ni, pé ilẹ̀ tí ó ti gbóná kò nílò rẹ̀. Ìdí tí ó lágbára ju èyí lọ wà tí kì í sábà sọ jáde: tẹmọsítáàtì tí ó bá há ní títì láàárín igbó, níbi tí kò ti sí ẹni tí ń ta òmíràn, yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ́ńjìnnì náà sì ni oúnjẹ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó yọ ọ́ ń fi àléébù kékeré ojoojúmọ́ ra ààbò kúrò lọ́wọ́ àdánù ńlá ẹ̀ẹ̀kan. Àléébù náà wà lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì kì í móoru tó lórí ọ̀nà tí ó dán, epo tí ó ń jẹ á pọ̀, ọ́ìlì á sì tètè dọ̀tí. Ní ti àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà bọlẹ̀kájà, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí tẹmọsítáàtì wọn ni ó tún ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ mú tutù á sì gbóná sí i. Ìmọ̀ tí ó gba Bedford là ni ó ń pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, ọ̀rọ̀ eré yí padà. Ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí 127 kìlómítà, tí kò ní òkè gíga, tí ó sì fẹ̀, fún ọkọ̀ kékeré ní àǹfààní láti sáré fún wákàtí kan láìdúró. Kò sí irú ìdúró bí ti iwájú gééètì tí wọ́n ti ń gba owó, èyí tí ó wà níbẹ̀ títí ìjọba fi fagi lé e ní ọdún 2004, tàbí bí ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ń pàdé ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà Èkó. Ọkọ̀ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí lára gidigidi bá ara rẹ̀ lójú kan, ooru tí ó ti kó jọ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti hàn pé sílò nìkan kò tó. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, fáànù rẹ̀ ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, atẹ́gùn kò sì pọ̀. Ohun tí ó sàn jù ni kí dírẹ́bà ti dín eré kù ní kìlómítà mélòó kan sí ibi tí ó ń lọ, kí atẹ́gùn ojú ọ̀nà lè gba púpọ̀ nínú ooru náà, kí ó tó wá lo ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lórí ìdúró. Àwọn tí ń sáré ìdíje ti mọ èyí tipẹ́. Lẹ́yìn tí eré bá parí, wọ́n a tún yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó wọlé.

Tọ́bò

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba ìwé àṣẹ lórí èrò tọ́bò ní ọdún 1905. Èrò náà ni pé kí èéfín tí ń jáde yí kẹ̀kẹ́ kékeré alábẹ̀bẹ̀ kan, kí kẹ̀kẹ́ náà sì yí ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn lórí ọ̀pá kan náà, kí èyí máa ki atẹ́gùn púpọ̀ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn, ní ọdún 1962, nínú Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder. Jetfire ní àgbá kékeré kan tí olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa rọ omi àti ọtí mẹ́táánóò tí wọ́n pò pọ̀ sí, kí iná inú sìlíńdà má bàa gbóná jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rọ ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń yọ tọ́bò kúrò lára àwọn ọkọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn nípa fífi iṣẹ́ ooru lé olówó ọkọ̀ lọ́wọ́.

BMW 2002 Turbo jáde ní ọdún 1973, Porsche 911 Turbo tẹ̀lé e ní ọdún 1974, Saab sì fi 99 Turbo hàn ní ọdún 1977. Ní ọdún 1977 yìí kan náà ni Renault gbé ọkọ̀ tọ́bò wọ eré ìdíje Formula One ní Silverstone. Èéfín tí ó máa ń yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi wé ìkòkò tíì aláwọ̀ ìyeyè. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Dijon, ìkòkò tíì náà borí gbogbo wọn.

Ìṣòro tọ́bò nígbà ìdúró kò jọ ti ìyókù ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá rẹ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èéfín tí ń yí i nínú ọkọ̀ pẹtiróòlù lè tó 900°C tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé tí kẹ̀kẹ́ náà wà a sì máa pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ lẹ́yìn eré líle. Béárìn rẹ̀ léfòó lórí ọ́ìlì, ọ́ìlì náà ni ó sì ń mú un tutù. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, páǹpù ọ́ìlì dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà lè ṣì máa yí, ooru ilé tí ó pọ́n náà á sì rìn wá sí ibi béárìn. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tí ó kù síbẹ̀ yóò jóná, yóò di èédú, yóò lẹ̀ mọ́ ara béárìn àti ojú ihò tí ọ́ìlì tuntun yóò gbà wọlé. Kì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo ni ó ń ba tọ́bò jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ihò ń dí, títí di ọjọ́ tí ọ̀pá yóò gbẹ.

Nítorí ìdí èyí ni ìwé ìlò ọkọ̀ ti àwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ pé lẹ́yìn eré líle, kí ẹni tí ń wakọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú méjì kí ó tó pa á. Ohun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti kọ́ dírẹ́bà bọlẹ̀kájà láìsí ìwé ni olówó Saab wá ń kà nínú ìwé. Ní Japan, àwọn kan tilẹ̀ ń ra ẹ̀rọ kékeré tí yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí olówó ọkọ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́, tí ó sì ti wọlé lọ.

Ìpadàbọ̀ ìyípo àtijọ́

Ohun méjì ni ó dín ẹrù yìí kù. Ọ̀kan ni ọ́ìlì àtọwọ́dá, irú Mobil 1 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, tí kì í tètè di èédú. Èkejì ṣe pàtàkì jù fún ìtàn yìí. Láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà omi yí béárìn tọ́bò ká. Ènìyàn lè rò pé kò lè wúlò lẹ́yìn ìdúró, níwọ̀n ìgbà tí páǹpù omi náà ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é gbé ọ̀nà omi náà kalẹ̀ lọ́nà tí omi tí ó bá gbóná nínú tọ́bò yóò fi gòkè fúnra rẹ̀, tí omi tí ó tutù jù ú lọ yóò sì gba ipò rẹ̀. Ìyípo Model T ni wọ́n dá padà, ní ìwọ̀n kékeré, sí ibi tí ó gbóná jù lọ nínú ọkọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ti kà sí àṣà àtijọ́ di ààbò ẹ̀rọ tuntun, nítorí òun nìkan ni kì í kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú.

Lẹ́yìn èyí ni iná mànàmáná dé. Fáànù tí mọ́tò iná ń yí lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọkọ̀. Wọ́n fi páǹpù kékeré oníná kún un nínú àwọn ọkọ̀ kan. BMW gbé ẹ́ńjìnnì kan jáde ní ọdún 2004 tí páǹpù omi rẹ̀ gan-an jẹ́ oníná, Toyota Prius ti ọdún 2009 kò sì ní bẹ́líìtì rárá. Nínú irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu bí omi yóò ti rìn pẹ́ tó. Ẹni tí ó bá ń dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ìlú, epo lásán ni ó ń jó.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gbà dé ilẹ̀ Yorùbá kò jẹ́ kí ìtàn náà parí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí owó náírà já wálẹ̀ ní ọdún 1986, ọkọ̀ tuntun di ohun tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tó mọ́, tòkunbọ̀ sì gba ojú títì. Ọkọ̀ dé, ìwé ìlò rẹ̀ sábà máa ń kù sí ẹ̀yìn, tàbí kí ó dé ní èdè Jámánì tàbí ti Netherlands. Mẹkáníìkì tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá tọ́bò kan ní omi lára tàbí kò ní gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ọ̀pọ̀ ni ó sì wò ó tí ó rí i. Àwọn mìíràn gba òfin náà gẹ́gẹ́ bí òfin láìgba ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń pa á láṣẹ fún gbogbo ọkọ̀ bákan náà.

Ọ̀rọ̀ fáànù oníná ni ó fi èyí hàn jù. Olówó ọkọ̀ tí ó gbọ́ tí fáànù ń yí lẹ́yìn tí ó ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ á rò pé iná kan ti gbà sí ara wọn, ẹ̀rù á sì bà á nítorí bátìrì. Rewáyà tí ó bá pè, pàápàá bí ojú tí ń mọ ìgbóná bá ti bàjẹ́ tí òmíràn kò sì sí ní ọjà, yóò so fáànù náà ní dáírẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, fáànù yóò máa yí ní gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn, ìbáà gbóná, ìbáà tutù, yóò sì kú ní kété tí wọ́n bá yí i padà. Ọkọ̀ tí ó dé pẹ̀lú ọgbọ́n láti tọ́jú ooru àṣẹ́kù rẹ̀ ti padà di irú ọkọ̀ bẹ́líìtì, kò sì sí ohun tí ó sọ ọ́ fún ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti Ìbàdàn sáré dé Ọ̀jọ́ta, gbọ́dọ̀ tún jókòó sínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ó tó pa á, gẹ́gẹ́ bí àwọn dírẹ́bà Bedford ti ṣe.